Bọ́ọ̀sì Dùńdú Wa àti Ìwé Àṣẹ Kánsù

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi lásìkò tí ìjọba ológun sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó àlìkámà láti òkè òkun wọ orílẹ̀-èdè yìí mọ́. Awakọ̀ ilé búrẹ́dì kan ní Ilé-Ifẹ̀ ni. Láàárọ̀ kùtù, ẹni tó bá gbọ́ fèrè bọ́ọ̀sì rẹ̀ mọ̀ pé búrẹ́dì gbígbóná ti dé àdúgbò. Nígbà tí ìyẹ̀fun di ohun tí a ń wá kiri, ilé búrẹ́dì náà ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin olójú àánú kan, kò mọ ohun tí ì bá fi tu ọkọ mi nínú, ló bá na kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì sí i.

Ó ní, "Máa wà á lọ. Ó ti darúgbó. Ìwọ nìkan náà ló gbọ́ èdè rẹ̀."

Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ yẹ́lò ni, imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni tó sáré fi ojú gbá ògiri. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, òórùn búrẹ́dì ni yóò kọ́kọ́ kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èérún kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Èmi ọmọ Ẹdẹ, ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Àwa mẹ́ta là ń gbé pọ̀ ní àdúgbò Mọ̀ọ̀rè: èmi, ọkọ mi, àti ìyá rẹ̀. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ojú ilé ni Màmá ti ń dín dùńdú tà láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà lọ́mọdé. Obìnrin náà kúrú, ó sanra, ó sì lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé wọn, mo rò pé èmi ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí bọ́ọ̀sì dé ilé, mo bá Màmá níta tó ń yí i po, tó ń fi ọwọ́ gbá a lára bí ẹni tó ń ra màlúù.

Ó ní, "Ìyàwó, wá gbọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi jókòó sídìí agbada tí mo ń dúró de oníbàárà. Bí agbada bá ń lọ bá oníbàárà ńkọ́?"

Ọkọ mi yọrí lójú fèrèsé. "Màmá, ẹ ò lè dín iṣu nínú ọkọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ọkọ̀ kì í ṣe irin ni? Ṣé agbada kì í ṣe irin ni? Irin ti bá irin pàdé, kí ló kù?"

Ohun tó kù kò ju pé ká wá wẹ́dà. Wẹ́dà gé ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì náà, ó ṣe fèrèsé ńlá kan síbẹ̀. Irin tó gé kúrò kò sọ nù. Ó fi ìdè ilẹ̀kùn dè é mọ́ òkè fèrèsé náà, tó fi jẹ́ pé bí a bá gbé e sókè, ó di ìbòòji fún oníbàárà. Ọkọ mi to pákó sínú, a gbé sítóòfù sí igun kan, a gbé iṣu àti kẹ́ẹ̀gì omi sí igun kejì. Ọkọ mi ṣe òfin kan ṣoṣo: a ò gbọdọ̀ tan iná bí ọkọ̀ bá ń rìn. Màmá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń pa á bó ṣe ń sọ ọ́.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí inú ènìyàn ti ń dùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò balẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni àárọ̀ tí a kọ́kọ́ jáde rí. Àdúgbò Lágéré la dúró sí. Kí epo tó gbóná, àwọn ènìyàn ti ń ki orí bọ fèrèsé láti wo ohun tó wà nínú ọkọ̀ náà. Àwọn bíríkìlà ra dùńdú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ra dùńdú, ọkùnrin kan tó wọ táì ra tirẹ̀, ó gbé táì náà sẹ́yìn kí ata má ta sí i. Èmi ń gé iṣu, mo ń bu ata díndín. Màmá na ọrùn wo ojú títì láti inú bọ́ọ̀sì.

Ó ní, "Ìyàwó! Mo ga ju gbogbo wọn lọ!"

Bó bá di ọ̀sán, a ó kálẹ̀, a ó gbéra, ó di Sábó. Níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ará Òkè Ọya ti ń ta àgbò, àgbò kan yọ orí wọlé lójú fèrèsé wa, ó kó èèpo iṣu jẹ láìbẹ̀rù. Alájí tó ni àgbò ń bẹ̀ wá, Màmá sì ń rọ èèpo sí i. "Ẹ fi í sílẹ̀, Alájí. Oníbàárà ni."

Báyìí la ṣe ń jayé wa nígbà tí wolé-wolé dé.

Ẹni tó bá gbé ayé ìgbà náà mọ ohun tí orúkọ yẹn ń ṣe síni nínú. Àwọn ni kánsù ń rán kiri láti yẹ ìkòkò omi wò, láti yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, láti mọ̀ bóyá ẹni tó ń ta oúnjẹ mọ́ tónítóní. Bí wọ́n bá ń bọ̀ ní òpin àdúgbò, ìyá mi ní Ẹdẹ á ti máa fọ àmù tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wolé-wolé tó wá bá wa yìí, ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tó tínrín nínú aṣọ kakí ni, ó sì níwà pẹ̀lẹ́ tó jẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ ló kù tí kò dọ̀bálẹ̀ fún Màmá.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ìwé àṣẹ yín dà?"

Ọkọ mi yára kó ìwé ọkọ̀ jáde. Ọ̀dọ́kùnrin náà mi orí.

"Ti mọ́tò kọ́, bọ̀dá. Ti oúnjẹ. Ibo ni ilé oúnjẹ yín wà?"

Màmá fi ìka kan ara bọ́ọ̀sì, ó dún gọ̀ǹgọ̀n. "Inú rẹ̀ la wà yìí."

Wolé-wolé wo ilẹ̀. Ó wo táyà iwájú, ó wo ti ẹ̀yìn. "Màmá, ilé kì í ní táyà."

"Ọmọ mi, tiwa ní."

Gbogbo àwọn tó ń ra dùńdú bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́kùnrin náà gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má bọ́ lẹ́nu òun náà, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ó ní ká pa iná sítóòfù, ká má tà á mọ́ títí a ó fi wá sí kánsù. Bó ṣe ń lọ, ó bojú wẹ̀yìn wo agbada. Mo rí i.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ aṣọ tó mọ́, a gba kánsù lọ. Wọ́n kọ́kọ́ ní ká lọ bá àwọn tó ń ṣètò ṣọ́ọ̀bù onípákó. Akọ̀wé obìnrin tó wà níbẹ̀ gbé bírò.

"Ojúlé wo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?"

Ọkọ mi ní, "Kò ní ojúlé. Láàárọ̀ ó wà ní Lágéré, lọ́sàn-án ó wà ní Sábó."

Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. "Ohun tó bá ti ń rìn, ti àwọn onímọ́tò ni."

A lọ bá àwọn onímọ́tò. Bàbá kan tó gbé gíláàsì sí ṣóńṣó imú ló jókòó síbẹ̀.

"Èrò mélòó ló ń gbé?"

Màmá ní, "Kì í gbé èrò, ọ̀gá. Iṣu ló ń gbé."

"Níbo ló ń gbé iṣu lọ?"

"Kì í gbé e lọ síbì kankan. Inú rẹ̀ la ti ń dín in."

Bàbá yìí bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Iná? Nínú mọ́tò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ bá àwọn wolé-wolé. Àwọn ló ni yín."

A tún padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin tó lé wa wá. Ó gbé òfin kánsù síwájú, ó ń kà á, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Ilé tí a ti ń ta oúnjẹ gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Ògiri rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun. Nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lójú fèrèsé nítorí eṣinṣin. Garawa ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ ní ìdérí. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ara ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀.

"Ó sì gbọ́dọ̀ ní ṣáláńgá."

Màmá ní, "Ṣáláńgá? Nínú mọ́tò? Nígbà tí a bá ń sáré lọ sí Sábó, ihò ṣáláńgá á máa sáré tẹ̀ lé wa bọ̀ lẹ́yìn?"

Mo gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Ọkọ mi kọ ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Wolé-wolé fúnra rẹ̀ gbé orí lé tábìlì. Nígbà tó gbójú sókè, omi ti dé sí i lójú.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́." Ó nu ojú. "Ẹ gbọ́. Òfin yìí ò mọ irú yín rí ni. Kò sọ pé kí ẹ má sí. Ẹ ṣe èyí tí ẹ bá lè ṣe nínú rẹ̀, kí ẹ gbé ọkọ̀ náà wá kí ọ̀gá mi wò ó. Òun ló lè fọwọ́ sí i."

Orí àtẹ̀gùn kánsù ni èmi àti Màmá jókòó sí nígbà tí a jáde, tí a di ara wa mú tí a ń rẹ́rìn-ín, bí ọ̀kan bá dákẹ́, èkejì á ní "ihò ṣáláńgá," a ó tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí wọn ò bá fún wa ní ìwé yẹn, n kò mọ ohun tí a ó máa jẹ.

A bẹ̀rẹ̀ láti ibi àyẹ̀wò. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ká mú ìgbẹ́ wa wá. Màmá bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo gbọ́ dáadáa. Ó kó tirẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ó fi ọ̀rá wé e, ó tún fi aṣọ ìnujú tó dáa wé e lórí, ó gbé e lé itan bí ẹ̀bùn ọdún. Obìnrin kan tó jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì ń wò ó, ń wò ó.

"Màmá, kí lẹ̀ ń tà?"

"Ìyá mi, èyí ò ṣeé tà o."

Nọ́ọ̀sì yọjú láti wo ohun tó fa ariwo ẹ̀rín. Èmi ti sá jáde, mo di òpó mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, a kun inú bọ́ọ̀sì ní ọ̀dà funfun, a ta nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, a ra garawa tó ní ìdérí. Ó ku ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì.

Ọkọ mi ní, "Màmá, bọ́ọ̀sì yìí ò lè gbé sìmẹ́ǹtì."

"Ó ti gbé búrẹ́dì tó tó gbogbo ìlú jẹ."

"Búrẹ́dì kì í ṣe òkúta."

"Ìwọ ò tíì jẹ èyí tó ti sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀mẹta ni."

Bí Màmá ṣe borí nìyẹn. Àwọn bíríkìlà tó ń ra dùńdú wa ló bá wa tẹ́ ẹ. Wọ́n ń gbé Mòdákẹ́kẹ́, wọ́n sì ní àwọn ò tẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, pé kí àwọn sáà lè sọ fún àwọn ọmọ àwọn. Sìmẹ́ǹtì náà ò nípọn, ṣùgbọ́n ó dán. Bọ́ọ̀sì náà sì jókòó lórí táyà rẹ̀ bí ìyá àgbà tó yó.

Ọjọ́ tí a ó gbé e lọ sí kánsù, ó sáré dáadáa títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti gun òkè. Níbẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. A rọra ń lọ, a rọra ń lọ, a dúró. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Ọkọ mi tẹ bíréèkì, ó pariwo pé ká bọ́ sílẹ̀. Mo bẹ́ sílẹ̀. Màmá ò sọ̀.

Ó ní, "Ta ni yóò di agbada mú?"

Àwọn ará àdúgbò yọ. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀sì dùńdú wá, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n wá. "Ẹ tì í! Ẹ tì í!" Èmi náà fi èjìká tì í, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá gbójú sókè, Màmá ni mo ń rí lójú fèrèsé, tó fi ọwọ́ kan di agbada mú, tó ń fi èkejì juwọ́ sí àwọn ènìyàn lápá ọ̀tún àti lápá òsì bí ayaba. Ẹ̀rín kò jẹ́ kí n lè tì í. Obìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bínú sí mi: "Ìwọ ọmọ yìí, tì í, àbí kí o kúrò lọ́nà!" Nígbà tó wo òkè rí Màmá, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Bí a ṣe gun òkè yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀.

A wọ ọgbà kánsù, ẹ́ńjìnì sì kú síbẹ̀.

Obìnrin àgbà kan ni ọ̀gá àwọn wolé-wolé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo ọ́fíìsì ló sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó gun bọ́ọ̀sì, ó fi ìka ra ògiri, ó wo ìka náà. Ó fi bàtà kan ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Ó ṣí ìdérí garawa, ó dé e padà. Wolé-wolé wa dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Ṣáláńgá dà?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Màmá pàápàá wo ilẹ̀. N kò mọ ohun tó fún mi ní ẹnu. Ìyàwó tuntun kì í sáré sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn ara mi.

"Ẹ má bínú, mà. Ibi méjì péré la máa ń dúró sí. Bí a bá mú onílé kan wá láti Lágéré, àti ọ̀kan láti Sábó, tí wọ́n gbà níwájú yín pé ká máa lo ṣáláńgá wọn àti kànga wọn ńkọ́?"

Ó yíjú sí mi. "Ẹ ò ní dúró síbòmíràn?"

"A ò ní dúró, mà."

"Ẹ ò ní dín nǹkan bí ọkọ̀ bá ń rìn?"

Ọkọ mi ké láti iwájú ọkọ̀: "Láéláé, mà!"

Ọ̀gá náà fi ọwọ́ kan nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. A gbọ́ bí eṣinṣin ṣe ń gbá orí mọ́ nẹ́ẹ̀tì níta. Ó ní, "Ta ló ń dín in?"

Màmá ní, "Èmi ni."

"Dín in kí n rí i."

Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ọ́ fún Màmá lẹ́ẹ̀kejì. Ó tan sítóòfù, mo gé iṣu, epo bẹ̀rẹ̀ sí í hó, òórùn ata díndín gba gbogbo ọgbà. Fèrèsé ọ́fíìsì ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù onípákó sọ̀ kalẹ̀ wá. Bàbá onígíláàsì sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà ń jóná ni. Ọ̀gá wolé-wolé mú ẹ̀là dùńdú kan, ó rì í bọ ata, ó di ojú, ó jẹ ẹ́. Ó húkọ́. Ó tún mú òmíràn.

"Ata yìí," ló sọ, ó sì nu imú. "Ẹ mú àwọn onílé náà wá."

Ọjọ́ kejì la mú wọn lọ. Ti Lágéré jẹ́ olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ó wọ kóòtù wá. Ti Sábó ni Alájí alágbò wa. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó gbà láti fún wa ní àyè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Wállàhí, ṣáláńgá mi, ṣáláńgá wọn ni!" Ọ̀gá wolé-wolé yí ojú sí fèrèsé, àmọ́ mo rí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé wa. Ọ̀dọ́kùnrin wa ló gbé e wá fún Màmá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, lẹ́yìn náà ló ra dùńdú àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ tó ti mọ̀ wá.

Bọ́ọ̀sì yẹn ló bọ́ wa fún ọdún púpọ̀. Inú rẹ̀ ni àkọ́bí mi ti kọ́ bí a ṣe ń dìde dúró, lórí sìmẹ́ǹtì yẹn, kó tó di pé orúnkún Màmá kò gbà á láti máa gun ọkọ̀ mọ́ tí a fi padà sí ojú ilé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a gba ìwé náà ni mo máa ń rántí jù. Lẹ́yìn èyí tí ọ̀dọ́kùnrin wa rà, a ò tà mọ́ lọ́jọ́ náà. Mẹ́káníìkì ti tún ẹ́ńjìnì ṣe, Màmá sì ní òun fẹ́ rìn. Ọkọ mi bi í pé níbo. Ó ní níwájú.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gba àárín ìlú kọjá tí fèrè ń dún, a gba Mòdákẹ́kẹ́, a bọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn, agbada òfìfo ń lu pákó gbangan-gbangan, Màmá ń kọrin tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Edùnàbọ̀n la ti dúró. A ra ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà, a jókòó sórí koríko, ọkọ mi na ara sílẹ̀, oorun gbé e lọ. Màmá ń bó ọsàn fún mi. Gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá ló ń juwọ́ sí, àwọn èrò inú ọkọ̀ náà sì ń juwọ́ padà, wọ́n ń yọrí, wọ́n ń wò ó títí wọ́n fi yà ní kọ́nà, wọ́n ń rò pé àwọn mọ̀ ọ́n níbì kan.